Kí Ẹ Tó Ju Díńgí Ojú Nù: Ohun Tí Lésà Ojú Lè Ṣe àti Ibi Tí Ewu Rẹ̀ Wà

Ìpolówó lésà ojú, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ alágbára tí dókítà fi ń tún ìríran ṣe, ti kún orí fóònù báyìí: ìṣẹ́jú 15 péré, kò ní dùn yín, ẹ ó sì ju díńgí ojú nù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Tankẹ ní Ìlọrin ń béèrè nípa rẹ̀, olùkọ́ ní Ọ̀ffà ń béèrè, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Òmù-Àrán náà ń béèrè. Ìpolówó yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Iṣẹ́ náà yá lóòótọ́, oògùn tí wọ́n ń kán sójú máa ń mú kí ojú má mọ ìrora kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, inú ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe é sì ń dùn. Ohun tí kì í sọ ni pé ìṣẹ́jú 15 yẹn kọ́ ni iṣẹ́. Àyẹ̀wò tó ṣáájú rẹ̀ ni iṣẹ́. Ojú tí kò yẹ kí wọ́n fi lésà kàn, kò sí ẹ̀rọ tó dára tó láti kó o yọ.

Lésà tí àwọn dókítà ojú ń lò kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n ní èyí tí wọ́n ń lò fún gulokóómà, àrùn tó ń jẹ iṣan ojú, wọ́n ní èyí tí wọ́n fi ń dí iṣan tó ń jò lẹ́yìn ojú alátọ̀gbẹ, wọ́n sì ní èyí tí wọ́n fi ń la awọ tó bá ṣú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kàtárààtì, ìyẹn ti lẹ́ǹsì àdáyébá inú ojú tó ti ṣú. Àrùn ni àwọn wọ̀nyẹn ń bá jà. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín kò wo àrùn kankan; nọ́ńbà díńgí nìkan ló ń tún ṣe. Nítorí náà, bí màmá ẹni ọdún 65 bá ní ojú òun ń ṣú, ẹ má wá owó lésà kiri fún wọn. Ẹ mú wọn lọ sí ẹ̀ka ojú, ìbáà ṣe ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Òsé, kí wọ́n wò bóyá kàtárààtì tàbí gulokóómà ni.

Kọ́níà ni awọ tó mọ́ gaara tó bo iwájú dúdú ojú. Òun ló ń ṣe nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ kíkó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ẹ̀yìn ojú. Ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán, ẹyinjú rẹ̀ gùn jù tàbí kọ́níà rẹ̀ yọ síta jù, ìmọ́lẹ̀ á wá pàdé kó tó dé ẹ̀yìn ojú. Lésà kan tó ń jẹ́ excimer, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nánómítà 193, lè gé ẹran kọ́níà kúrò láìjó èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi tẹ́ àárín kọ́níà pẹrẹsẹ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì bọ́ síbi tó yẹ. Ọdún 1995 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fọwọ́ sí i fún irú iṣẹ́ yìí.

Ẹran tí wọ́n gé kò ní hù padà. Ibẹ̀ ni gbogbo ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ́níà ènìyàn kò nípọn: àárín rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 540, ìyẹn ìdajì mìlímítà kan àti díẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní LASIK, wọ́n á kọ́kọ́ la awọ tó tó máíkírọ́ọ̀nù 110 lójú kọ́níà, wọ́n á ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ṣí ewé ìwé, lésà á gé ẹran abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dá awọ náà padà. Nọ́ńbà díńgí 1.00 kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 15; àmì - tó wà níwájú nọ́ńbà ni ti ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ -6.00, tí kọ́níà rẹ̀ jẹ́ 540: awọ gba 110, lésà gba 90, ó ku 340. Ìyẹn dára. Ẹlòmíràn wá pẹ̀lú -9.00 àti kọ́níà 490: awọ gba 110, lésà gba 135, ó ku 245. Èyí kò dára rárá. Àwọn dókítà kì í fẹ́ kí ohun tó kù lábẹ́ awọ dín sí 250, ọ̀pọ̀ wọn sì ti gbé ààlà tiwọn sókè sí 280 tàbí 300. Wọ́n tún máa ń wo ìdá tí wọ́n fọwọ́ kàn nínú gbogbo kọ́níà. Bí ó bá ti tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ewu ti ń pọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ wà ní 37, ẹnì kejì wà ní 50.

Ẹ béèrè iye tí kọ́níà yín jẹ́ àti iye tí yóò kù. Dókítà tó mọṣẹ́ á sọ ọ́ fún yín láìjanpata. Ìwádìí ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé kọ́níà àwa ènìyàn dúdú máa ń fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, nítorí náà ìṣirò yìí kan wa gan-an.

LASIK nìkan kọ́ ló wà. Nínú PRK, wọn kì í la awọ kankan. Wọ́n á ha awọ tínrín òkè pátápátá kúrò, lésà á ṣiṣẹ́ lórí ẹran tó wà níta, wọ́n á sì fi lẹ́ǹsì rírọ̀ bo ojú fún ọjọ́ 4 tàbí 5 títí awọ náà á fi hù. Ó máa ń dun ènìyàn fún ọjọ́ 3, ojú á máa ṣomi, ìríran kò sì ní mọ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ ó ń fi ẹran sílẹ̀ fún kọ́níà, kò sì sí awọ tó lè ṣí. Ẹ̀kẹta ni SMILE: lésà mìíràn á gé ẹran pẹlẹbẹ kan sínú kọ́níà, wọ́n á fà á jáde lójú ihò tí kò ju mìlímítà 2 sí 4 lọ. Ẹni tó ń ja ẹ̀ṣẹ́, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ọlọ́pàá àti sójà, ẹni tí nǹkan lè gbá lójú nígbàkígbà, kí wọ́n má fi bẹ́ẹ̀ yan LASIK, torí awọ yẹn kì í lẹ̀ padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan wà tó ṣí kúrò ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nítorí ohun tó gbá wọn lójú.

Ta ni kò yẹ kó ṣe é? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kọ́kọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì ń yí: bí ó bá ti kúrò níbi tó wà ní ọdún tó kọjá ju 0.50 lọ, kó dúró. Aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mú, nítorí omi ara ń yí nọ́ńbà wọn padà. Ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀, ẹni tó ní àìsàn tí ara ń bá ara jà bíi lupus, ẹni tó ń lo oògùn irorẹ́ tó ń jẹ́ isotretinoin, ẹni tí ojú rẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpá tó máa ń wú lára, tí ọ̀pọ̀ wa ní, máa ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù. Ẹ sọ fún dókítà, àmọ́ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe kò fi hàn pé irú àpá bẹ́ẹ̀ ń hù nínú kọ́níà lẹ́yìn lésà.

Méjì wà tó yẹ ká dúró lé lórí, nítorí wọ́n pọ̀ láàárín wa.

Àkọ́kọ́ ni ojú yíyún. Ọmọ tó ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú láti kékeré, tí eruku àti òórùn kan ń mú ojú rẹ̀ pọ́n, lè ti ra kọ́níà rẹ̀ débi tó fi ń rọ̀, tó ń yọ ṣóńṣó síwájú. Kẹ́rátókónọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ènìyàn máa kàn rí ni pé nọ́ńbà díńgí ń yí lọ́dọọdún, astigmatism, ìyẹn kí kọ́níà má yípo dọ́gba, ń pọ̀ sí i, díńgí tuntun kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló máa ń fẹ́ lésà jù! Bí wọ́n bá wá gé kọ́níà tó ti rọ̀, á yọ síwájú kíákíá, ìríran á bàjẹ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán kọ́níà níwájú àti lẹ́yìn nìkan ló lè rí i nígbà tí kò tíì hàn. Bí ilé ìwòsàn kan kò bá ya àwòrán yìí, tó kàn wọn nọ́ńbà, tó sì dá ọjọ́, ẹ dìde kúrò níbẹ̀.

Èkejì ni gulokóómà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ti lé ní ọdún 40, bíi 5 ló ní in, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò sì mọ̀. Kì í dunni, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni lésà fi lè ko ó. Ẹ̀rọ tó ń fa ojú mọ́ra nígbà LASIK máa ń gbé agbára ojú, ìyẹn bí omi inú ẹyinjú ṣe ń tì í tó, sókè fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Oògùn sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n á máa kán lẹ́yìn iṣẹ́, tó máa ń pẹ́ jù lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe PRK, lè gbé agbára ojú sókè kó sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ló máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: nígbà tí kọ́níà bá ti fẹ́lẹ́, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ojú á máa ka iye tó kéré sí òótọ́. Ọdún 10 lẹ́yìn náà, wọ́n á wọn ojú yín ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n á ní kò séwu, gulokóómà á sì máa jẹ iṣan ojú lọ. Bí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ní gulokóómà, tí dókítà kò sì wo iṣan ẹ̀yìn ojú yín kó tó gbà láti gbẹ́ kọ́níà, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Ẹ tún sọ fún un bí ẹ bá ti ń ra oògùn ojú yíyún fúnra yín ní kẹ́míìsì, torí púpọ̀ nínú wọn ló ní sítẹ́rọ́ìdì nínú.

Ohun tí àyẹ̀wò tó pé gbọ́dọ̀ ní ni nọ́ńbà tí wọ́n wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oògùn la ojú, àwòrán kọ́níà, bó ṣe nípọn tó, bí omijé ṣe tó, bí ọmọlójú ṣe ń fẹ̀ tó nínú òkùnkùn, agbára ojú, iṣan ojú àti rẹ́tínà, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ẹ kò ní lè kàwé fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ má wa ọkọ̀ lọ. Bí ẹ bá ń lo lẹ́ǹsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú dípò díńgí, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó lọ, torí ó ń tẹ kọ́níà: ọ̀sẹ̀ 2 fún èyí tó rọ̀, ọ̀sẹ̀ 3 fún èyí tó rọ̀ tí wọ́n ṣe fún astigmatism àti èyí tó le tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, ọ̀sẹ̀ 4 fún èyí tó le gan-an.

Kí la wá lè retí? FDA àti ilé ìwádìí ojú ti ìjọba Amẹ́ríkà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ológun wọn ṣe ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní PROWL, èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Ó lé ní 95 nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ṣe LASIK tí inú wọn dùn sí ìríran wọn. Ẹ má tíì dúró síbẹ̀. Nínú àwọn tí kò rí ohun àjèjì kankan tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 46 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ ní oṣù 3 pé àwọn ti ń rí o kéré tán ọ̀kan: òrùka yípo iná, ìtànṣán, ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́, nǹkan kan tó ń di méjì. Nínú àwọn tí ojú wọn kò gbẹ tẹ́lẹ̀, tó 28 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé ojú ti ń gbẹ. Ẹni tí ohun àjèjì tó ń rí dí lọ́wọ́ gidigidi kò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan sì wà tó ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú díńgí tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé lésà ló bá wọn mú un lọ. Méjèèjì jẹ́ òótọ́: inú ènìyàn lè dùn sí iṣẹ́ náà kó sì máa rí òrùka lójú iná.

Òrùka yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ dààmú ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì. Awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ lóru, tí tírélà ń tan iná gíga sí lójú, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Nínú òkùnkùn, ọmọlójú á fẹ̀ kọjá ibi tí lésà tẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó gba etí ibẹ̀ wọlé á sì tú ká. Bí nọ́ńbà ṣe ga tó ló ṣe ń pọ̀ tó. Ó máa ń dín kù láàárín oṣù 3 sí 6, àmọ́ kì í tán lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ wíwà lóru jẹun, kó fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ọdún 40, lẹ́ǹsì àdáyébá inú ojú kò ní lè tẹ̀ mọ́ láti ka ohun tó wà nítòsí, lésà kò sì dí ìyẹn lọ́wọ́. Oníṣòwò Ọjà-Ọba tó jẹ́ ẹni ọdún 46, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ -2.50, tó máa ń yọ díńgí kó tó ka owó tàbí ka Àlùkùránì, á rí ọ̀ọ́kán kedere lẹ́yìn lésà, á sì wá nílò díńgí ìkàwé tí kò lò rí. Wọ́n lè fi ojú kan sílẹ̀ fún nítòsí, kí wọ́n tún èkejì ṣe fún ọ̀ọ́kán. Àwọn kan gbà á, orí ń fọ́ àwọn mìíràn. Kí wọ́n fi lẹ́ǹsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó gé ohunkóhun.

Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ju -8.00 lọ, ọ̀pọ̀ dókítà á sọ fún un pé lẹ́ǹsì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fi sínú ojú ló sàn jù fún un. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe lésà fún un, ẹyinjú rẹ̀ ṣì gùn bó ṣe gùn, rẹ́tínà rẹ̀ ṣì lè ya. Ẹni tó bá rí ìmọ́lẹ̀ tó ń bù yẹ̀rì, èérún dúdú tuntun tó ń fò lójú, tàbí bí ìgbà tí aṣọ bo apá kan, kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹ má lo tìróò, ìpara ojú tàbí lọ́fínńdà láti ọjọ́ tó ṣáájú. Èérún tìróò máa ń fara pamọ́ sí ìdí ìpéǹpéjú, ó sì lè há sábẹ́ awọ. Kí ẹ ti ṣíwọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ló dára jù. Wọ́n á fi irin kékeré la ìpéǹpéjú, ẹ̀rọ á fa ojú mọ́ra, ìríran á ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹ máa wo iná tí wọ́n ní kí ẹ wò. Ẹ lè gbọ́ òórùn bíi ti irun tó jó, kò séwu. Bí ojú bá já kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ kí awọ tó là tán, dókítà tó gbọ́n á dá iṣẹ́ dúró di ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀rọ yìí kì í fẹ́ ooru àti ọ̀rinrin, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dán an wò kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Kò burú láti béèrè ohun tí wọ́n ṣe sí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná: ṣé bátìrì á gbé ẹ̀rọ títí iṣẹ́ á fi parí bí iná bá lọ?

Ẹni tó bá ti Kwara lọ sí Èkó tàbí Àbújá, kó má padà lọ́jọ́ náà. Àyẹ̀wò ọjọ́ kejì kò ṣe é fi tàfàlà, torí ìgbà náà ni wọ́n ń rí bí awọ bá ká. Awọ tó ká, wọ́n lè tẹ́ ẹ padà lọ́jọ́ kìíní tàbí ìkejì. Bí ó bá pẹ́, ìlà rẹ̀ á dúró síbẹ̀. Láàárín ọjọ́ 1 sí 3 náà ni ojú lè bínú lábẹ́ awọ, bí ẹni da yanrìn tó kúnná sí i. Sítẹ́rọ́ìdì lemọ́lemọ́ ni wọ́n fi ń pa á, nígbà mìíràn wọ́n á ṣí awọ kí wọ́n fọ ọ́. Kòkòrò tó wọlé kò wọ́pọ̀, òun ló sì burú jù. Ìrora tó ń pọ̀ sí i, ojú tó ti mọ́ tó tún wá ń ṣú, ọyún: ilé ìwòsàn ni kí ẹ sá lọ, ẹ má gba kẹ́míìsì kọjá. Ẹni tó ṣe PRK, kó dúró títí wọ́n á fi yọ lẹ́ǹsì, kó sì máa lo díńgí oòrùn fún oṣù mélòó kan, torí oòrùn líle lè mú kí ìkùukùu hù sínú kọ́níà.

Omi kò gbọ́dọ̀ wọ ojú fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwa tí à ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ẹ bá alfa yín sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé; òfin ẹ̀sìn fàyè gba tàyámọ́mù fún ẹni tí omi lè pa lára. Ẹ fi ìdérí bo ojú sùn. Ẹ jìnnà sí èéfín igi. Ẹni tó bá lè yan àkókò, kó má ṣe é nínú ọyẹ́: lésà ti gé àwọn iṣan tó ń sọ fún ojú pé kó mú omijé wá, ó sì lè tó oṣù 6 sí 12 kí wọ́n tó hù padà. Atẹ́gùn gbígbẹ oṣù Kejìlá àti Ṣẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú eruku yóò fi kún ìyà náà. Omijé àtọwọ́dá tí kò ní kẹ́míkà ìpamọ́ ni kí ẹ rà, ẹ sì fi owó rẹ̀ kún ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá owó tí wọ́n dárúkọ ti kó àyẹ̀wò ẹ̀yìn iṣẹ́ àti àtúnṣe pọ̀, torí nọ́ńbà díẹ̀ lè padà wá.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba ìwé: nọ́ńbà àti ìwọ̀n kọ́níà yín ṣáájú lésà, àwòrán rẹ̀, iye máíkírọ́ọ̀nù tí wọ́n gé, agbára ojú ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí kàtárààtì bá dé lọ́jọ́ alẹ́, ìwọ̀n kọ́níà ni wọ́n fi ń ṣírò lẹ́ǹsì tí wọ́n á fi sínú ojú, kọ́níà tí lésà ti tẹ́ sì máa ń ṣi ìṣirò náà lọ́nà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí fóònù, ẹ fi ẹ̀dà kan sílé, ẹ sì máa sọ fún dókítà ojú èyíkéyìí tó bá fẹ́ wọn agbára ojú yín pé wọ́n ti fi lésà gbẹ́ kọ́níà yín rí.